Ebè Iṣu Tó Wà Lára Fèrèsé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdàáṣà, kò sí ohun tó wù mí nínú ilé Ọlọ́run bíi fèrèsé gíláàsì ńlá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Bí oòrùn àárọ̀ bá ti yọ láàárín àwọn òkè, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró á dà sára gbogbo wa, títí kan orí pípá bàbá tó ń lu agogo. Fèrèsé náà ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé tí wọ́n fi í sí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, sọ fún wa pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé e wá nínú àpótí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ tẹ́, àti pé bàbá òun wà lára àwọn tó fi orí rù ú láti ibùdókọ̀ ojú irin.

Màríà Mímọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó dúró lórí àwọn nǹkan roboto kan tí èéfín àbẹ́là ti sọ di pupa bí ilẹ̀ wa. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Àgbẹ̀ ni wá. Ebè iṣu ni. Nítorí náà, bí iṣu tuntun bá dé, ìyá kọ̀ọ̀kan á gbé èyí tó kọ́kọ́ hú lóko lọ sábẹ́ fèrèsé náà kí ilé rẹ̀ tó jẹ nínú rẹ̀.

Lọ́dún kan, àlùfáà tuntun dé láti ìlú Aklampa. Mọ̀npẹ́ẹ̀, ìyẹn “bàbá mi” lédè Faransé, ni gbogbo wa ń pè é. Ó wo fèrèsé, ó wo iṣu, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìkùukùu ojú ọ̀run ni Màríà dúró lé, kì í ṣe ebè, kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣu síbẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá yòókù kùn díẹ̀, wọ́n lọ gún iyán wọn. Ìyá àgbà ní tòun kọ́.

“N kò ní jẹ iṣu tí n kò tíì fi han Ìyá,” ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn abà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí bí iyán tuntun ṣe máa ń ta sánsán láti ilé onílé? Gbogbo àdúgbò ń gún, odó tiwa dákẹ́. Mo ń pọnmi, mo ń gbálẹ̀, ẹ̀bà ni mo sì ń bọ̀ wá bá. Àbúrò mi, Bẹ̀núwà, yọ́ lọ jẹun nílé aládùúgbò, ó gbàgbé ọbẹ̀ ẹ̀pà sí àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá àgbà fà á létí, ó ní kó kúnlẹ̀ ti odó, kó máa gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi pé iṣu wa á jẹrà sínú abà lọ́dún yẹn.

Ní Ọjọ́ Àìkú kan, ìyá Mọ̀npẹ́ẹ̀ wá kí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí Mísà ṣe parí, ó gbójú sókè, ó pàtẹ́wọ́.

“Háà! Ta ló kọ ebè tó gún báyìí?”

Kí Mọ̀npẹ́ẹ̀ tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti tú ẹrù, ó yọ iṣu tó gbé wá fún un, ó kúnlẹ̀, ó tì í sábẹ́ fèrèsé. Gbogbo wa ń wo Mọ̀npẹ́ẹ̀. Ó họ orí.

“Ìyá àgbà,” ló wí, “ẹ lọ gbé tiyín wá.”

N kò rí i kí Ìyá àgbà sáré rí àfi lọ́jọ́ náà. Lọ́sàn-án, òun àti ìyá Mọ̀npẹ́ẹ̀ jọ gún iyán, a jẹ ẹ́ débi pé a ò lè dìde. Inú mi dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́!

Lónìí, Kọ̀tọ̀nú ni mò ń gbé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń já iṣu tuntun sọ́jà, ẹnikẹ́ni kì í dúró de nǹkan kan mọ́. Ìyá àgbà ti lọ sinmi. Kò sí irú fèrèsé yẹn nítòsí ilé mi, síbẹ̀, bí mo bá ra iṣu tuntun àkọ́kọ́, mo máa ń mú kí àwọn ọmọ mi dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n á kùn, wọ́n á ní ìkà ni mí. Nígbà tí iyán bá wá délẹ̀, àwọn ọmọ tí wọn kì í parí oúnjẹ á máa lá ìka, wọ́n á sì máa wo èyí tó kù nínú àwo ara wọn.