Fírísà Ní Aago, Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Ní

Ẹ̀gbọ́n mi, aago méjì ọ̀sán kù díẹ̀ ni wọ́n bá yín nínú yàrá òtútù ibi iṣẹ́ yín, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún ti bọ́. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló tán. Wọ́n to yìnyín gbígbẹ sínú yàrá tí kò ní fèrèsé, yìnyín tí kì í yọ́ di omi, èéfín ló ń dà, tí èéfín náà ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò.

Ọ̀gá àgbà wá kí wa. Ó jókòó sórí àga yín, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀." Ṣé odò ni yàrá òtútù? Òmùwẹ̀ mọ̀ pé odò jìn. Ta ló sọ fún yín láàárọ̀ ọjọ́ náà pé wọ́n tún ti kó yìnyín kún ibẹ̀?

Mo rántí ìgbà tí mo bi yín pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tiẹ̀ ń sè níbẹ̀ gan-an?"

"Àbúrò, mi ò se nǹkan kan. Tí mo bá sè é, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹ ní purotéènì ara ènìyàn ni, tó ń jẹ́ yubíkúítìn láígéèsì, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí lẹ ní kó bá yín ṣe é, káwọn olùwádìí lè rí i lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣèrànwọ́ láti fi àmì sára purotéènì tó ti gbó, kí sẹ́ẹ̀lì lè rí i kó dànù.

"Wolé-wolé ni nígbà yẹn!"

"Wolé-wolé ni, àmọ́ èyí kì í gba ẹ̀gúnjẹ."

Ooru kì í jẹ́ kó pẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wọ súwẹ́tà méjì, tẹ́ ẹ ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń kán látinú asẹ́ tó, tó, tó nínú yàrá òtútù. Ìyá Òtútù ni wọ́n ń pè yín. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó ki ọwọ́ bọ̀ mí lẹ́yìn ọrùn, ẹ ó ní, "Ẹ kú ilé o, ará ooru!" N ó pariwo. Ọmọ ogójì ọdún ni mí, n ó sì pariwo.

Nígbà tí mo lọ kó ẹrù yín, ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó bàjẹ́ sí fún mi. Ìkọ̀wé yín wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Fáànù yàrá òtútù ti kú. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn ti inú ti yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó yìnyín kúrò níbẹ̀." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnìkan kọ "Mo ti rí i," ó sì buwọ́ lù ú. Ó rí i! Kí ló wá ṣe?

Ìyá náà nawọ́ sí fírísà tí purotéènì yín wà. "Ọjọ́ tí mo gbàgbé ìlẹ̀kùn eléyìí ní ṣíṣí, aago ẹ̀ ké, ó pe ènìyàn mẹ́ta lórí fóònù. Sálúbàtà ilé ni ọ̀gá àgbà fi sáré dé. Ẹ̀gbọ́n yín wá kú sí ìtòsí ẹ̀, nǹkan kan ò ké." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ má ní èmi ni mo fi hàn yín o."

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò yín ni pé ìwádìí nìkan ló wà fún, kì í ṣe fún lílò lára ènìyàn. Ó yẹ kí wọ́n lẹ irú rẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá yẹn. Ohun tí kòkòrò ṣe ní olùṣọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ìyá wa bí ńkọ́?

Ní báyìí, wọ́n ti kọ ìròyìn pé ẹ rú òfin, pé ẹ dá wọ yàrá òtútù. Ta ni wọ́n fún yín tí ẹ ò mú wọlé? Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ láti ọdún tó kọjá, wọn ò fi ẹlòmíràn rọ́pò.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin yín, wọ́n pè mí lórí fóònù láti ibi iṣẹ́ yín. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tọrọ àforíjì ni. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ́kọ́rọ́ fírísà wà nínú báàgì wọn? Iṣẹ́ ti dúró."

Ó wà níbẹ̀. Ó ti wà lórí tábìlì mi báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwẹ́tà yín. N kò ní jí i gbé, ẹ kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ "Mo ti rí i" ni kó wá gbà á fúnra rẹ̀. Kó mú ìwé náà dání. Kó jókòó síwájú ìyá wa, kó ka ohun tí ẹ kọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì dárúkọ ara rẹ̀.