Ìlà Tí Israfil Fagi Lé

Lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, bí o bá ń wá ẹni tó lè sọ pàǹtí di ohun tó ń ṣiṣẹ́, Israfil ni kí o béèrè. Rédíò ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó so irin wúwo kan rọ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti kú ṣe ìjánu fún un, ó de bírò mọ́ ọn lẹ́nu, kó máa fa ìlà sára bébà tó wé mọ́ agolo mílíìkì. Ẹ̀rọ aago ògiri ló ń yí agolo náà. Bí ilẹ̀ bá mì, bírò á gbọ̀n, ìlà á sì rí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ẹ̀rọ ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ní málékà tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ti fẹ́ fun fèrè ọjọ́ ìkẹyìn.

Eré ló fi bẹ̀rẹ̀. Màmá Ọmọ́wùnmí ló sọ eré di iṣẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, òun nìkan ló ń gbé ilé alámọ̀ tó wà nítòsí ti Israfil. Ògiri rẹ̀ ti lanu, aláǹgbá sì ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi: àwọn kúárì tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú. Bí wọ́n bá ti yin dánámáìtì, àwo á mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Israfil, ọmọ mi," ni màmá wí, "Ọmọ́wùnmí ní kí n wá máa bá òun gbé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Fi ẹ̀rọ rẹ yẹn wò ó fún mi. Bó bá ní ó léwu, mà á lọ. Bó bá ní kò léwu, mi ò kúrò nílé ọkọ mi."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Òótọ́ ni, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹni tó ń kà á ni ká máa bẹ̀rù.

Ohun kan ló ń yọ Israfil lẹ́nu. Marufat ìyàwó rẹ̀ ń lọ ata àti èlùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà láàárín ilé méjèèjì. Israfil fúnra rẹ̀ ló fi bóòtù de ẹ́ńjìnnì ńlá tuntun mọ́lẹ̀ fún un. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yìí ń da ìlà sórí bébà. Israfil mú bírò pupa, ó fagi lé gbogbo ìlà ìyàwó rẹ̀, kí ti kúárì lè hàn dáadáa. Ta ní í ka ariwo ilé ara rẹ̀ mọ́ ariwo? Èyí tó ṣẹ́ kù kéré gan-an. Ó ní kí màmá fọkàn balẹ̀, àwọn á kọ̀wé sí kúárì. Màmá kò lọ mọ́.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, Israfil ká àwọn bébà náà, ó gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ Timothy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Under G. Timothy kò tilẹ̀ wo ìlà dúdú ti kúárì.

"Kí lẹ fagi lé síbí?"

"Ẹ́ńjìnnì ìyàwó mi ni. Kò kàn wá."

Timothy fi rúlà wọ̀n ọ́n. "Ti kúárì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Eléyìí jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, lójoojúmọ́. Ọ̀gá mi, ẹ́ńjìnnì yìí ló ń wó ògiri yẹn. Ẹ pa á."

Nínú mọ́tò tó gbé e padà, Israfil ń ṣírò owó ilé. Àwọn tó ń gbé rédíò wá kò tó nǹkan mọ́, ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń bọ́ ilé, Iléyá sì ni ata ń pọ̀ jù. Ó ní bí ọdún bá ti lọ tán, òun á tú u, òun á fi táyà tẹ́ ẹ nídìí kó má mi ilẹ̀ mọ́. Títí dìgbà náà, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojo ni, kò sí orúkọ mìíràn tí ènìyàn lè pè é.

"Kí ni wọ́n rí níbẹ̀?" ni màmá béèrè.

"Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, mà."

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la, ẹ́ńjìnnì kò sinmi. Màmá jókòó sídìí ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà, ni ògiri bá ya lulẹ̀ lé e lórí. Marufat ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tó kún fún ata wú amọ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé màmá jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

"Kúárì ti pa màmá," ni Marufat ń sun lẹ́kún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọmọ́wùnmí wá bá Israfil. Ó fẹ́ bébà ọjọ́ náà, lọ́yà ní yóò wúlò ní kóòtù. Láti ọjọ́ tí ògiri ti wó, Israfil kò tíì lójú láti wò ó. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Kúárì ti gba ìsinmi ọdún ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò sí ìlà wọn rárá. Ìlà ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ń lọ, kò já, títí tó fi dé ibi tí bírò ti fò tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bébà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà náà rọlẹ̀, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni Marufat ti pa ẹ́ńjìnnì, tó sáré.

"Bọ̀dá, èwo ni ti kúárì níbẹ̀?"

Marufat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi lọ́wọ́ fún àlejò, òun náà ń wo ọkọ rẹ̀. Israfil fi ìka lé ìlà ìyàwó rẹ̀.

"Èyí," ló wí.

Ọmọ́wùnmí rọra ká bébà náà, ó fi í sínú báàgì.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá mú màmá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín làwọn fi dúró."