Bí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Ṣe Ra Katakata

Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe pé ó lọ́ra o. Tó bá jókòó sídìí oúnjẹ, ẹ óò mọ̀ pé kò lọ́ra rárá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún àwọn màlúù rẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Láti kékeré ló ti ń sin màlúù tí wọ́n ń fún wàrà lára wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ bímọ, á tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sùn tì í. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé nígbà tóun ń bọ̀ nílé ọkọ, ẹnikẹ́ni ò sọ fóun pé òun máa bá orogún méje tó níwo.

Iṣẹ́ màlúù, iṣẹ́ koríko ni. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí koríko pápá ga tó itan, tó sì rọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gé e. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á máa yí i padà bí ẹni ń yí aṣọ, títí á fi gbẹ, kí wọ́n tó kó o sínú àká. Òun ni màlúù á máa jẹ títí òjò mìíràn á fi dé. Bí koríko bá gbó kí wọ́n tó gé e, ó di igi ìdáná nìyẹn. Màlúù á kàn máa wò ó ni.

Akọ màlúù méjì ló ń fa ẹ̀rọ agékoríko àbúrò mi. Wọ́n ti darúgbó. Ọ̀kan rọra sùn, kò jí mọ́, èkejì sì kọ̀, kò dá nǹkan kan fà. Tí wọ́n bá so ẹ̀rọ mọ́ ọn, á yíjú sí ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ máa ń dúró sí, á máa wo ibẹ̀. Àbúrò mi ò lè nà án. Ó tú u sílẹ̀, ó mú dòjé, ó fẹ́ fi ọwọ́ gé pápá tí màlúù méjì ń fi gbogbo agbára gé. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ tí kò nà mọ́. Èmi ni mo ń fi omi gbígbóná jó o fún un, mo ń jó o, mo ń bú u.

Ni ọmọ rẹ̀ àgbà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nígboro bá wá. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo ti rí ẹni tó máa ra àwọn màlúù. Tí koríko ò bá wọ àká lọ́dún yìí, ẹ ta wọ́n, kí ẹ̀yin àti màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Mi ò fẹ́ wá bá yín nílẹ̀ nínú pápá lọ́jọ́ kan."

Àbúrò mi dìde, ó lọ bá àwọn màlúù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó. A mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ta àwọn màlúù yẹn, wọ́n ti ta ọkùnrin yẹn mọ́ wọn.

Ìyàwó yìí ló gbọ́ pé ìyá àgbà kan lódìkejì odò fẹ́ ta katakata tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ kú, tòun ti ẹ̀rọ agékoríko ìdí rẹ̀. Wọ́n ní owó ẹ̀ ò ga, ìyá yẹn gan-an ló ṣòro. Ẹnì kan débẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ìyá ní kó máa lọ. Ẹlòmíràn ní òun máa tú u tà ní irin, wọ́n tú ajá sí i.

Àwa mẹ́ta la lọ. Abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ni katakata náà wà. Ó ti pẹ́ láyé. Ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti ṣí bí ògiri àtijọ́. Wọ́n fi agolo mílíìkì dé ẹnu sálẹ́ńsà kí òjò má wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi àkísà ìró rán ìrọ̀rí sórí ìjókòó rẹ̀. Àbúrò mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì.

Ìyá ní, "Tútù ni. N kì í tan án sílẹ̀ de àlejò. Ẹni tó bá tan tiẹ̀ sílẹ̀ dè ẹ́, ó ní ohun tó ń fi pamọ́."

Ìyá fúnra wọn ló tan án. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa.

"Ẹni tó máa rà á, á kọ́kọ́ fi yí pápá mi po. Mo fẹ́ rí bó ṣe jókòó sórí ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àbúrò mi ò di ọwọ́ ọkọ̀ mú rí láyé rẹ̀. Mo rò pé á sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn gùn ún. Ìyá fi ibi kílọ́ọ̀ṣì tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ hàn án, wọ́n fi ibi bíréèkì hàn án, ó ń mi orí bí alángbá. Ó gbéra. Níbi tó tọ́, kò burú rárá. Ó jókòó bí olóyè. Àmọ́ nígbà tó dé igun, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó tó. Dúró. Mo ní kó o dúró."

Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa ọwọ́ ọkọ̀ sí àyà bí ẹni ń fa okùn akọ màlúù. Katakata ò gbọ́ èdè màlúù. Ó gba abẹ́ okùn tí ìyá sá aṣọ sí kọjá, ó gun òkìtì ìgbẹ́ ẹran, ó sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun lórí bí ìyàwó tuntun.

Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ẹnì kankan nínú wa. Ara katakata ló kọ́kọ́ fọwọ́ pa. "Pẹ̀lẹ́. Ṣé kò sóhun tó ṣe ẹ́?"

Mo wo ìyá, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo ti kúnlẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n kí n tó rí i pé ẹ̀rín ni.

"Ọdún tí olóògbé gbé e délé, ilé adìyẹ mi ló wó. Òun náà ń pariwo pé ó tó, ó tó. Ẹṣin ló ń lò tẹ́lẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Àmọ́ mi ò ní tà á fún ẹ lónìí. Bí mo bá tà á fún ẹ báyìí, òkú ẹ ni màá gbọ́."

"Mama, koríko mi ò ní dúró dè mí. Wọ́n á ta màlúù mi."

"Ta ló fẹ́ tà á?"

"Ọmọ mi."

"Ó fẹ́ràn ẹ nìyẹn." Wọ́n fa aṣọ wọn kúrò lórí katakata. "Máa bọ̀ láràárọ̀, màá kọ́ ẹ. Kó o sì fọ aṣọ mi."

Ìyàwó ní, "Èmi á fọ̀ ọ́, Mama."

"Rárá o. Ẹni tó fi katakata ká aṣọ ló máa fọ̀ ọ́."

Bó ṣe di pé ó ń lọ láràárọ̀ nìyẹn, èmi náà ń bá a lọ. Ẹ̀kọ́ náà ò wọlé bọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ dúró, ẹnu rẹ̀ á ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbàgbé. Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́, kò wá lè ṣe nǹkan kan mọ́, ó kàn jókòó bí àpò ìyẹ̀fun. Lọ́wọ́ kan náà, koríko ń ga sí i. Mo máa ń já ọ̀kan, màá jẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ṣì dùn.

Ìyá ló wá rí i sọ. "Má dá ẹ̀gbọ́n ẹ lóhùn, jàre. Máa sọ̀rọ̀ ẹ. Tó o bá ti ní 'pẹ̀lẹ́', kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Tó o bá ní 'dúró', bíréèkì ni. Ẹsẹ̀ ẹ ni màlúù báyìí. Òun ni kó o máa bá wí."

Ibẹ̀ ló ti yé e. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó yí pápá po, ó sọ̀rọ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dúró síwájú ìyá láìkan ewé kan.

Wọ́n tà á fún un. Nígbà tó fẹ́ wà á lọ, ó fẹ́ tú ìrọ̀rí ìjókòó fún wọn.

"Fi í síbẹ̀," ni ìyá wí. "Kì í ṣe igi ni wọ́n fi gbẹ́ ìdí tìẹ náà."

Wọ́n fọwọ́ gbá bónẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn ò dúró wo bó ṣe jáde nínú ọgbà.

Àbúrò mi gé koríko rẹ̀ nígbà tó ṣì dùn. Èmi àti ìyàwó ń yí i lóòrùn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ara wa. À ń kó o wọlé lọ́wọ́ ni ọmọ àbúrò mi dé láti wá mú ìdáhùn lọ fún ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Kò kí wa tán tó fi wọ inú àká. Ó ti ọwọ́ bọ àárín koríko dé ìgúnwọ́, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, nítorí koríko tí kò gbẹ dénú a máa gbóná, ó sì lè gbiná.

Ó fa ọwọ́ yọ. "Ó tutù," ló sọ.

Ó jáde, ó pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù. "Ẹ má bínú, sà. Wọn ò tà wọ́n mọ́."

Lẹ́yìn náà ló lọ bá bàbá rẹ̀ tó ń já koríko kalẹ̀ nínú ọmọlanke tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn katakata.

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀."

"Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan." Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já èyí tó kù.