Orúkọ Tó Wà Lókè Pátápátá

Ní ilé-iṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ kò nílò kàlẹ́ńdà kó tó mọ̀ pé oṣù ń parí lọ. Bó bá ti gbọ́ bàtà Ìyá Wákàtí lórí àtẹ̀gùn, kò, kò, kò, yóò sá wọ ilé ìtọ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tó gbé odindi ọ̀sẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń bi ọgọ́ta ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà: wákàtí mélòó lẹ lò, iṣẹ́ wo lẹ sì lò ó fún? Yóò kó ìdáhùn wọn jọ, yóò ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá, kí wọ́n lè mọ ẹ̀ka tí yóò san owó iṣẹ́ wo. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá pẹ́ nínú balùwẹ̀, ìyàwó òun á béèrè iṣẹ́ tí òun máa kọ ọ́ sí.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló to fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ wákàtí sí. Iṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ Baba Àtẹ̀gùn ṣáájú. Yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ni Baba yìí ń jókòó sí, òun nìkan ló ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì mọ́, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Ṣé a ó wá to orúkọ kí àgbà wà nísàlẹ̀ ni? Ìyá Wákàtí kì í ṣe ọmọ tí wọn ò kọ́.

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀gá ní iṣẹ́ tó bá jẹ wákàtí jù, àwọn yóò pa á, kí ẹni tó ń ṣe é sì máa lọ sílé. Ìyá Wákàtí kó àkọsílẹ̀ ọdún kan jọ. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wò. Iṣẹ́ Baba ti jẹ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá wákàtí! Bí Baba kò bá sùn, tó ń fi ọwọ́ kan wẹ̀, tó ń fi èkejì tẹ kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ kìíní ọdún títí dé ọjọ́ tó parí, kò lè pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Ó ṣí fọ́ọ̀mù náà wò. Lóṣooṣù, iye tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ṣe ló máa ń yẹ̀ wò. Kò yẹ iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ wò rí. Ẹni tó bá ṣí fọ́ọ̀mù náà tí kò yan nǹkan kan, orúkọ tó wà lókè pátápátá ni kọ̀ǹpútà ń mú fún un. Àwọn aláìnísùúrù yìí kì í sì í yan nǹkan kan.

Oṣù méje ló kù kí Baba fẹ̀yìn tì. Gbogbo ilé ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé orúkọ tí òun máa tẹ̀ gbẹ̀yìn sínú ètò náà, orúkọ òun ni.

Ọjọ́ méjì ni Ìyá Wákàtí ní kí ìpàdé àwọn ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ láti ìdí tábìlì kan dé ìdí òmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe gan-an lóṣù kẹta?"

"Èmi tí mi ò rántí ọjọ́ tí mo gbé ìyàwó?" Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ló ń dáhùn. "Ẹ fi síbẹ̀ jàre, Baba ò ní bínú."

"Àwọn ọ̀gá fẹ́ lé Baba lọ nítorí yín!"

Ọ̀gbẹ́ni náà wo ilẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá wá kó o sórí tèmi ńkọ́? Ọmọ mẹ́ta ni mo ní o."

Bí gbogbo wọn ṣe wí nìyẹn. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilé-iṣẹ́ náà lódindi. Ènìyàn mẹ́rin péré ló fọwọ́ sí àtúnṣe.

"Mẹ́rin nínú ọgọ́ta?" Ọ̀gá bi í lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé.

"Àwọn tó kù ò rántí, sà. Ṣùgbọ́n irọ́ ni nọ́ńbà yẹn."

"Irọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí lóṣooṣù, tí ìwọ náà ń gbà wọlé." Ó fi bíró kan ìlà àkọ́kọ́. "Ta ló tiẹ̀ fi Baba síbí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Àwọn ló dàgbà jù, sà."

Ọ̀gá kó ìwé rẹ̀, ó wọ ìpàdé lọ.

Lọ́jọ́ tí Baba ń kẹ́rù, Ìyá Wákàtí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. "Baba, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo fi yín ṣáájú."

"Ní ilé-iṣẹ́ yìí?" Baba ń ká wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló tún fi mí ṣáájú rí? O ṣeun, ọmọ mi."

Ó yẹ kí obìnrin náà pa ìlà yẹn rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Nígbà tí oṣù parí, ó ṣí fọ́ọ̀mù, ó sì gbé fóònù.

"Baba, ẹ ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin wákàtí lóṣù yìí."

"Háà! Èmi tí mo jókòó síta látàárọ̀? Abájọ tó fi rẹ̀ mí!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ohùn Baba wá lọ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n kọ orúkọ mi sínú ètò yẹn kí wọ́n tó pa á?"

"Rárá, Baba."

"Kò burú."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó pa ìlà náà rẹ́. Iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn ló gun òkè. Lẹ́yìn náà, ó fi àlàfo kan sókè pátápátá, kí fọ́ọ̀mù má gba wákàtí ẹnikẹ́ni tí kò bá yan iṣẹ́.

Kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ.