Àgbò Onírin Ràmọ́nì

Ràmọ́nì ọmọ Àmúsà kò lè jókòó pẹ́ níbì kan. Ìdílé ahunṣọ ni wọ́n bí i sí ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń jó lábẹ́ òfì bí ẹni tí ìjàlọ ń ta. Nígbà tó dàgbà, ó sá fún aṣọ híhun, ó lọ kọ́ iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ní Ṣakí, ó sì padà wá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ọ̀nà Ìgbẹ́tì a gbọn ọkọ̀ títí iná iwájú yóò fi kú, Ràmọ́nì a sì tún un ṣe. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ torí pé ó mọ́: gbogbo wáyà rẹ̀ a nà gbọọrọ.

Bàbá rẹ̀ kò ka èyí sí iṣẹ́. Òfì Ràmọ́nì ṣì wà nílẹ̀ níbi tó fi í sí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó sí i.

Ṣáájú Iléyá, àwọn ará gáréèjì a máa kó àgbò jà ní pápá. Ní ọdún 1984, Jẹ́ẹ́dé tó ń ṣàájì bátìrì ní Ṣakí ránṣẹ́ pé òun ti fi irin ṣe àgbò, ta ló ní òmíràn? Ràmọ́nì ní òun ni, bẹ́ẹ̀ kò tíì ní nǹkan kan. Ó wá páànù, ó wá táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó tú ẹ̀rọ tó ń gbọn waipa lára ọkọ̀ àlòkù. Ó kàn wọ́n pọ̀ di àgbò, ó ki bátìrì alùpùpù sí ikùn rẹ̀, ó fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì méjì ṣe ojú rẹ̀. Wáyà gígùn kan jáde nídìí rẹ̀ wá sí bọ́tìnnì ọwọ́ Ràmọ́nì.

Ó darí rẹ̀ sí ògiri. Gbì! Ojú àgbò kú, táyà dúró. Ó ṣí ikùn rẹ̀, ó rí wáyà kan tó ti yọ lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ó dè é le. Gbì! Òmíràn yọ. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Bó bá bu òkèlè kan, a tún dìde lọ fọwọ́ kan wáyà.

Bàbá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀.

"Ràmọ́nì, ṣé àgbò lèyí àbí òkú àgbò?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣe é tán."

"Ojoojúmọ́ lo ń ṣe é tán. Bó bá kú lójú agbo ńkọ́?"

Inú bí Ràmọ́nì. "Bí iná rẹ̀ bá kú lójú agbo, màá padà sídìí òfì."

"Iná rẹ̀ lo wí?"

"Iná rẹ̀ ni mo wí."

"Ó dáa. Àwáwù, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá," ni ìyàwó Ràmọ́nì wí. Nígbà tí bàbá lọ, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mùstàfá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè jókòó jẹun tán, ẹ̀yin lẹ fẹ́ jókòó sídìí òfì?"

Nígbà tí ọjọ́ ìjà ku ọ̀la, ara Ràmọ́nì kò gbà á láti dúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó rìn káàkiri títí ó fi já sí ojúlé bàbá rẹ̀. Àmúsà wà nídìí òfì, òwú nà lọ sí iwájú rẹ̀, òkúta fà á le. Ràmọ́nì fi ìka ta òwú náà. Ó dún. Ó mọ ìró yẹn: bẹ́ẹ̀ ni wáyà inú àgbò ń dún. Bó bá jẹ́ kí òwú dẹ̀ nígbà èwe, ìgbátí ni bàbá rẹ̀ a fi kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé: bí òwú ló ṣe ń fa wáyà le. Bí àgbò bá kanrí, bátìrì a sún síwájú díẹ̀, wáyà tó ti le gbagidi kò sì ní àyè láti sún tẹ̀lé e, àfi kó yọ.

Kò dágbére. Ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tú gbogbo wáyà àgbò. Ó fi wáyà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò, ó jẹ́ kó dẹ̀ dáadáa, ó so ó mọ́ ara irin kí fífà má baà dé oríkèé níbi tí wáyà ti so pọ̀, ó fi òjé yíyọ́ lẹ oríkèé náà pọ̀, ó sì fi rọ́bà tíúbù de bátìrì mọ́lẹ̀.

Àwáwù yọjú wò ó. "Áà! Ìfun àgbò rèé lóòótọ́."

Ní pápá, Jẹ́ẹ́dé ń pariwo. "Ọmọ ahunṣọ! Ṣé òwú lo fi rán ìwo rẹ̀ mọ́ ọn?"

"Fi orí tìẹ gbà á wò!"

Gbì! Ojú àgbò Ràmọ́nì kò kú. Gbì! Kò kú. Ṣùgbọ́n ti Jẹ́ẹ́dé wúwo jù. Ó ki ìwo bọ abẹ́ ti Ràmọ́nì, ó sì dá a sílẹ̀ gbàgà. Àwọn èrò gbé Jẹ́ẹ́dé sókè. Ràmọ́nì kò wò wọ́n. Ó ṣì tẹ bọ́tìnnì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, òógùn bò ó.

Àmúsà jáde láàárín èrò. Ó ká agbádá sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú àgbò kí oòrùn má tàn sí i. Gílóòbù méjèèjì ń tàn. Táyà ń yí lófo. Ó gbé e dìde, àgbò sì sáré lọ kan án ní ojúgun.

"Yéè!" Ó di ẹsẹ̀ mú. "Wọ́n dá a, ṣùgbọ́n iná ò kú." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Iná pálọ̀ mi ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìrun Yídì, kí o wá wò ó."

Ràmọ́nì kò lè dúró di ìgbà náà. Ó fi àgbò lé Àwáwù lọ́wọ́, ó sì ti ń kó ohun èlò rẹ̀ bọ àpò.