Àdúrà Àna Mi Nídìí Ṣẹ́ẹ̀sì

Ọyẹ́ bo òkè Ọ̀kà ní òwúrọ̀ tí mo lọ sí Ìkàrẹ́. Nínú ọkọ̀, bí mo bá ti dijú, ojú ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni mò ń rí, funfun àti dúdú, títí a fi débẹ̀ láìmọ̀. Nínú gbogbo àwa olùkọ́ Àkókó, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣojú wa níbi ìdíje ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi.

Olùkọ́ ìṣirò kan, ará Ìkàrẹ́, ni mo kojú ní àṣekágbá. Mo ti ọmọ-ogun iwájú ayaba lọ síwájú ní ilé méjì, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ariwo kankan mọ́, àfi aago ìdíje tó ń ró bíi pé ó wà lọ́nà jíjìn. Nígbà tó yá, ọba rẹ̀ há. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù kí n borí, ìṣẹ́jú méjì sì kù lórí aago mi. Èmi ló kàn láti ta, ẹni tí àkókò rẹ̀ bá sì tán ti pàdánù nìyẹn.

Ìgbà náà ni bàbá ìyàwó mi wọlé.

Wọn kò wá wo ayò mi rí. Wọ́n gbéra láti Ọ̀kà nítorí tèmi! Kí n tó ronú, àyà mi ti kanlẹ̀. Bàbá gbọ́wọ́ lé mi lórí.

"Ọlọ́run á bá ọ ṣẹ́gun rẹ̀."

"Àmín, sà."

"Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́."

"Àmín, sà."

Wọ́n wúre dórí ọmọ tí a kò tíì bí. Mò ń gbọ́ aago lókè orí mi, ṣùgbọ́n ta ní jẹ́ dìde lábẹ́ àdúrà àna rẹ̀? Alátakò mi náà ti tẹ́wọ́, ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ní kí òun fúnra rẹ̀ fìdí rẹmi.

Nígbà tí mo dìde, kò wojú mi. Ó kàn nàka sí aago. Àkókò mi ti tán. Inú bí mi sí ara mi. Ká ní mo ti ta ẹyọ kan kí n tó dọ̀bálẹ̀, aago tirẹ̀ ni ìbá máa lọ.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti nà án?"

"A ti parí, sà. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá."

A jọ wọkọ̀ padà sí Ọ̀kà. Bàbá ń sọ fún gbogbo èrò pé ọmọ àwọn ń lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, mo sì ń dá wọn lóhùn.