Fìlà Kẹ́hìndé

Lọ́dún 1986, àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Chicago kó ara wọn jọ, wọ́n fẹ́ lọ wo ilẹ̀ Jàpáànù. Sìmíátù, ọmọ Ìwó, wà lára wọn. Bó ṣe ń di ẹrù ní ilé wọn ní Rogers Park, Táíwò, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, bọ́ fìlà òtútù orí rẹ̀.

"Màmí, ẹ bá mi fún Kẹ́hìndé."

Sìmíátù gba fìlà náà, ó fi í sáàárín ẹrù. Kẹ́hìndé ò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú; ìrìn àjò la máa ń sọ pé ó lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún Táíwò nìyẹn.

Nínú mọ́tò, lọ́nà O'Hare, Jìbírílù ọkọ rẹ̀ ní, "Tí o bá ti dé, o máa sọ òótọ́ fún un. Ọmọ yẹn ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀."

"Màá sọ ọ́, Bàbá Ìbejì."

Ní Jàpáànù, wọ́n wo idà àti ẹ̀wù àtijọ́ nínú mùsíọ́ọ̀mù. Wọ́n jókòó nínú ọgbà tí wọ́n ti ha yanrìn bí ìgbì omi. Stella ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò.

"Ìyá Ìbejì, smile now! Àbí Chicago lo fi eyín ẹ sí?"

Lẹ́yìn tẹ́ńpìlì kan ni wọ́n ti bá àwọn ère òkúta kéékèèké, wọ́n tò lọ rẹrẹ, wọ́n dijú, fìlà pupa wà lórí wọn, aṣọ pupa wà lọ́rùn wọn. Ẹni tó ń mú wọn kiri ní àwọn tí ọmọ wọn kú ló wọ̀ wọ́n láṣọ, nítorí òtútù. Ọ̀kan wà lẹ́bàá ògiri, orí rẹ̀ ṣófo.

Àwọn yòókù ti ń lọ. Sìmíátù, ọmọ ilé kéú, kúnlẹ̀ níwájú òkúta. Ó dé e ní fìlà náà, ó so okùn rẹ̀ le lábẹ́ àgbọ̀n, kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ tó padà délé. Jìbírílù wo ojú rẹ̀, ó bọ́ sí kíṣìnì. Sìmíátù gbé ọmọ lé itan.

"Táíwò mi, Kẹ́hìndé..."

"Ó ti dé e, Màmí." Ọmọ náà fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ so okùn ẹ̀ le jù. Ó ń dùn ún."

Jìbírílù béèrè láti kíṣìnì, "Ṣé o ti sọ fún un?"

Sìmíátù ń fi ìka tú okùn tí kò sí lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.